Bí Mo Ṣe Yí Òkè Àyípo Ká Nítorí Ògúndíjọ

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sábẹ́ igi òdàn yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, nítorí ohùn mi kò ròkè bíi ti àtijọ́ mọ́. Orúkọ mi ni Ọdẹ́jìnmí, ọmọ ìlú Ìdí-Ayan, ìlú kékeré tó wà nítòsí odò Àwẹ̀nú. Àgbọ̀nrín tí mo ti pa, bí ẹ bá ní kí n ka orí wọn fún yín, ilẹ̀ yóò ṣú kí n tó dé ìdajì. Mo ti bá ìkookò pàdé lójú ọ̀nà tóóró kan, òun ló yà fún mi. Mo ti fẹ̀yìn ti igi tí erè wé mọ́, tí mo sì jẹ ẹ̀kọ tán níbẹ̀ kí n tó mọ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti ìyẹn ni mo fẹ́ sọ lónìí. Ìrìn ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ ròyìn, ìrìn tí mo bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ tí mo sì parí nírọ̀lẹ́, tí ìbọn mi kò dún lẹ́ẹ̀kan, tí n kò sì gbé ẹran kankan bọ̀ wálé. Síbẹ̀, nínú gbogbo ìgbẹ́ tí mo ti dẹ láyé mi, òun ni mo máa ń rántí jù.

Kí ẹ lè mọ ohun tó gbé mi lọ, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ ti ẹfọ̀n fún yín. Ní ọdún mẹ́fà ṣáájú ìrìn náà, ẹfọ̀n kan jáde sí ọ̀nà oko wa. Ó kan àgbẹ̀ méjì pa, ó ṣẹ́ ẹnì kẹta nítan, àwọn obìnrin kò sì lè lọ pọnmi lódò mọ́. Olúọdẹ wa, ìyẹn olórí gbogbo àwọn ọdẹ ìlú, ní ẹnikẹ́ni tó bá pa á ni òun yóò fi joyè Àṣípa Ọdẹ. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi Ògúndíjọ la jọ gbéra. Ẹgbẹ́ ni wá, ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan náà la ti kọ́ iṣẹ́ ọdẹ, kò sì sí ẹran tí ọ̀kan nínú wa pa tí èkejì kò jẹ níbẹ̀. A bá ẹfọ̀n náà níbi tó ti ń mu omi, ìbọn dún, ẹfọ̀n ṣubú. Ṣùgbọ́n kó tó ṣubú ó ti lé Ògúndíjọ díẹ̀, Ògúndíjọ sì ki ẹsẹ̀ bọ ihò níbi tó ti ń sá, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ yẹ̀, kò lè rìn. Mo gé ìrù ẹfọ̀n, mo sáré wálé láti wá pe àwọn tí yóò gbé òun àti ẹran. Bí wọ́n ṣe rí ìrù náà lọ́wọ́ mi ni ariwo sọ: "Ọdẹ́jìnmí ti pa á o!" Wọ́n gbé mi sí èjìká, wọ́n gbé mi yí gbogbo ọjà ká. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń jẹ́ Àṣípa. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nígbà náà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe sọ ọ́ fún yín báyìí. Ẹ fi í síbẹ̀ ná.

Nígbà tí wọ́n gbé Ògúndíjọ dé, ó ní ìbọn òun ló pa ẹfọ̀n. Àwọn ènìyàn fi rẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò jinná dáadáa, ó di ẹni tó ń tiro, bó bá sì ti ń kọjá, ẹnì kan kò ní ṣàì sọ pé, "Ẹ wo ẹni tó fẹnu pa ẹfọ̀n." Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ìlú jí lówùúrọ̀, a ò rí i mọ́. Ìyá rẹ̀ nìkan ló dágbére fún. A kò gbúròó rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Ojúọlápé ni orúkọ ìyá rẹ̀. Nígbà tí ọyẹ́ ọdún kẹfà ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó ránṣẹ́ sí mi. Mo bá a níwájú ilé, ó ń fọwọ́ wá igi ìdáná tó ń tò jọ.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, apẹja tó ta ẹja fún mi níjẹta sọ pé òun rí ọkùnrin kan lórí àpáta Òkè Àyípo, lókè odò lọ́hùn-ún. Ó ní ọkùnrin náà ń tiro."

Mo ní, "Ìyá, ẹni tó ń tiro pọ̀ láyé."

"Ó pọ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú mi ń ṣú lọ. Mo ṣì ń rí ọwọ́ mi báyìí, n kò mọ̀ bóyá n ó rí i nígbà tí iṣu tuntun bá jáde. Lọ bá mi mú ọmọ mi wá, kí n rí ojú rẹ̀."

"Ìyá, ṣé kò sí ọdẹ mìíràn tí ẹ lè rán ni?"

Ó gbé igi kan lé èkejì, ó ní, "Ọdẹ pọ̀ nílùú. Ìwọ ni mo rán."

Kí ni mo lè sọ? Mo ní mo gbọ́. Òkè Àyípo yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín kò dé ibẹ̀ rí. Kì í ṣe òkè kan ṣoṣo. Àpáta ńláńlá ni wọ́n, tí wọ́n fara ti ara wọn bí àwọn àgbààgbà tó ń ṣèpàdé, igbó sì kún àárín wọn fọ́fọ́. Odò Àwẹ̀nú lọ́ yí wọn ká nísàlẹ̀ bí ìgbànú, ó ku ibì kan ṣoṣo tí kò kàn, ibẹ̀ sì ni ẹnu ọ̀nà. Ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń gba ibẹ̀ wọlé, á yí òkè náà ká, á sì tún jáde síbi tó ti wọlé. Àwọn baba wa máa ń sọ pé àwọn ẹ̀dá tó ń gbé orí òkè náà kì í pa ènìyàn, wọ́n kàn máa ń bi ènìyàn ní ìbéèrè ni. Mo fi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ẹ wo èmi yìí, ọdẹ tó ti rí ẹnu ẹkùn, kí ni ìbéèrè fẹ́ fi mí ṣe?

Oòrùn ń yọ ni mo dé ẹnu ọ̀nà. Àpáta kan wà níbẹ̀ tó là sí méjì láti òkè délẹ̀, àárín lílà yẹn sì ni ọ̀nà gbà. Ẹnì kan jókòó síbẹ̀. Láti orí dé orúnkún, baba arúgbó ni. Láti orúnkún lọ sísàlẹ̀, òkúta ni, ó sì lẹ̀ mọ́ àpáta tó jókòó lé débi pé èèyàn kò lè sọ ibi tí ẹsẹ̀ parí sí àti ibi tí àpáta ti bẹ̀rẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí koríko etí odò, alángbá méjì sì ń yá oòrùn lórí èjìká rẹ̀. Ó ní Ẹlẹ́sẹ̀-Òkúta ni wọ́n ń pe òun. Mo tún fìlà mi ṣe, mo gbé àyà síwájú.

"Baba, ẹ kú àárọ̀. Èmi ni Ọdẹ́jìnmí, Àṣípa Ọdẹ ìlú Ìdí-Ayan, èmi tí igbó ń gbóòórùn mi tó ń dákẹ́ lọ́lọ́, èmi tí mo pa ẹfọ̀n tó lé odindi ìlú wọlé! Ọ̀rẹ́ mi kan ni mò ń wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọjá."

Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó ní, "O kú àárọ̀, ọdẹ. Orúkọ rẹ gùn. Ẹrù mélòó lo rù?"

"Mẹ́ta ni, Baba. Ìbọn, àdá, àti àpò."

"Mẹ́rin ni èmi rí."

Mo wo èjìká mi ọ̀tún, mo wo tòsì, mo tilẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀yìn mi. Mo ní, "Èwo ni ẹ̀kẹrin, Baba?"

"Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ fún ọ, ó di ẹrù tèmi nìyẹn, ẹsẹ̀ mi sì ti wúwo tó." Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n lè kọjá. "Jẹ́ kí odò máa wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ. Má pẹ̀yìn dà. Ẹni tó bá ru ẹrù tí kò lè dárúkọ, ọ̀dọ̀ mi níbí ni yóò máa padà bọ̀."

Mo dúpẹ́, mo kọjá, mo sì ń rẹ́rìn-ín sínú pé arúgbó náà kò mọ kíkà. Ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀nà náà dára! Mo ti wọ igbó tó ń fún ènìyàn lọ́rùn, ṣùgbọ́n eléyìí ń gba ènìyàn tọwọ́tẹsẹ̀ ni. Àwọn igi ayan àti ìrókò hù láti inú pàlàpálá àpáta, gbòǹgbò wọn dà sórí òkúta bí epo tó ṣàn tó sì dì. Ìrì wà lórí ewé gbogbo. Àkókó ń gbá igi níbì kan lókè, á gbá, á sinmi, á tún gbá. Nígbà tí igbó bá là lọ́wọ́ ọ̀tún mi, mò ń rí odò nísàlẹ̀ jíjìn, ó ń tàn bí awo, lékeléke ń fò lórí rẹ̀, wọ́n kéré bí òwú tí atẹ́gùn gbé. Omi kan ń já bọ́ láti orí àpáta gíga, kò pariwo, ńṣe ló ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Àwọn ẹdun jókòó sórí ẹ̀ka, wọ́n ń wò mí, ọ̀kan nínú wọn ń já ewé jẹ láìyára. N kò gbé ìbọn sí wọn. Mo pe orúkọ Ògúndíjọ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, àpáta ló dá mi lóhùn. Mo rìn títí, mo gun òkè, mo sọ̀ kalẹ̀, mo bọ́ sí ibi tó mọ́lẹ̀, mo sì rí alángbá méjì lórí èjìká ẹnì kan.

Ẹlẹ́sẹ̀-Òkúta ní, "Káàbọ̀, ọdẹ. Ẹrù mélòó?"

Mo ní, "Baba, n kò rí ẹnikẹ́ni! Ṣé ọ̀rẹ́ mi wà níbẹ̀ àbí kò sí?"

"Ó wà níbẹ̀. Ìwọ náà kọjá lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹrù mélòó?"

"Mẹ́ta," mo sọ ọ́ tìbínútìbínú.

"Mẹ́rin," ó ní, ó sì tún yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín lábẹ́ fìlà lọ́hùn-ún, rọra. Kò ṣẹlẹ̀ sí ọ rí kí o rìn láti àárọ̀ kí o sì bá ara rẹ níbi tí o ti gbéra. Bí mo ṣe ń lọ lẹ́ẹ̀kejì, n kò pe orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́. Ọ̀nà kan náà ni, igi kan náà, ṣùgbọ́n níbi omi tó ń já láti orí àpáta, mo rí adágún kékeré kan tí mo lè búra pé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Obìnrin kan kúnlẹ̀ sí etí rẹ̀. Àwọ̀ ara rẹ̀ ń dán bí òkúta tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, irun rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, ó sì ń mi bíi pé ó wà nínú omi bẹ́ẹ̀ orí ilẹ̀ ló wà. Ó ń kó òkúta kéékèèké látinú adágún, ó ń fọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sá wọn sínú oòrùn bí ẹni sá aṣọ. Afọ̀kúta ni orúkọ rẹ̀.

Ó ní, "Jókòó, ọdẹ, kí o sinmi. Bí o bá dáhùn ìbéèrè mi, n ó fi ọ̀nà ọ̀rẹ́ rẹ hàn ọ́."

Mo jókòó. Inú mi tilẹ̀ dùn, nítorí nílé, kò sí ẹni tó ń bá mi pa àlọ́ tó ń borí mi.

Ó ní, "Kí ni ó wọ ìlú ṣáájú ẹni tó ni ín, tí ẹni tó ni ín sì dé, tí wọ́n ní kì í ṣe tirẹ̀?"

Mo ní kíá, "Òjìji ni! Bí oòrùn bá wà lẹ́yìn ènìyàn, òjìji rẹ̀ á kọ́kọ́ wọlé."

Ó fọ òkúta kan, ó gbé e sínú oòrùn. "Ta ló ti sọ fún ẹnì kan rí pé òjìji rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀?"

Mo ní, "Lẹ́tà ni." Ó mi orí. Mo ní, "Òórùn ọbẹ̀ ni." Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó mi orí. Ẹ̀yin ènìyàn mi, mo mọ ìdáhùn náà. Ó ti wà lẹ́nu mi kó tó sọ ìbéèrè náà tán. Mo gbé e mì bí ẹní gbé eegun ẹja mì.

Ó ní, "Ó dára, jẹ́ ká ṣe pàṣípààrọ̀. Fi ẹ̀tù ìbọn rẹ sílẹ̀ fún mi, n ó fi ọ̀nà hàn ọ́. Ibi tí ò ń lọ, bí ìbọn bá dún níbẹ̀, àpáta yóò wó."

"Kí n fún yín ní ìdajì, Yèyé?"

"Gbogbo rẹ̀."

"Ṣùgbọ́n ọwọ́ yín ń kán omi tótó! Ẹ̀tù kò gbọdọ̀ tutù."

Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ní kí n fi í kọ́ sórí ẹ̀ka igi fúnra mi. Bí mo ṣe fi ẹ̀tù mi sílẹ̀ nìyẹn, n kò sì fojú kàn án mọ́ títí dòní. Ó ní kí n máa lọ títí n ó fi rí ìrókò kan àti ọ̀mọ̀ kan tí wọ́n lọ́ mọ́ra wọn. Ọ̀nà gidi gba ọwọ́ òsì níbẹ̀, ṣùgbọ́n kí n gba ọwọ́ ọ̀tún, èyí tó lẹ̀ mọ́ ara àpáta lókè odò.

Mo rí igi méjèèjì, mo yà. Ọ̀nà náà kò fẹ̀ ju ẹní ọmọdé lọ. Àpáta ga lọ́wọ́ òsì mi bí ògiri, lọ́wọ́ ọ̀tún mi kò sí nǹkan kan rárá, àfi àṣá tó ń fò, tí mò ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ láti òkè. Odò Àwẹ̀nú wà nísàlẹ̀ pátápátá. Oòrùn ti wà ní àtàrí. Mò ń fẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn, mo yí igun kan, mo sì bá ẹfọ̀n.

Ó dúró sójú ọ̀nà, ó kún un. Kò fẹsẹ̀ walẹ̀, kò fọnmú. Ara rẹ̀ rí bí èéfín tó ṣùpọ̀, ojú rẹ̀ sì tutù bí ti màlúù tó dùbúlẹ̀ lábẹ́ ibòòji. Mo mọ̀ ọ́n. Ìwo rẹ̀ ọ̀tún ṣẹ́ lórí, ìwo tó wà nílé mi lórí ògiri nígbà náà.

Ó ní, "Ọdẹ́jìnmí, a tún pàdé. Ta ló pa mí?"

Mo ní, "Èmi ni." Àṣà ti mọ́ mi lẹ́nu.

Kí n tó pa ẹnu dé, òkúta tí mo tẹ̀ yọ̀ kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo lọ sísàlẹ̀. Gbòǹgbò igi ọ̀pọ̀tọ́ kan ló wà níbẹ̀, Ọlọ́run ló ní kí ọwọ́ mi kàn án. Mo rọ̀ mọ́ ọn, ẹsẹ̀ mi ń fì nínú afẹ́fẹ́, fìlà mi ń yípo lọ sí odò, ó pẹ́ púpọ̀ kó tó dé ibẹ̀. Ẹfọ̀n rọra sún mọ́ etí ọ̀nà, ó tẹ orí ba, ó ń wò mí. Ó yí ọrùn kí n lè rí ìdí etí rẹ̀.

"Wo ojú ihò tí ọta wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ibo ni?"

"Ẹ̀gbẹ́ òsì," mo ní.

"Lọ́jọ́ yẹn létí omi, ẹ̀gbẹ́ ibo ni ìwọ dúró sí?"

Mo tún ọwọ́ mi dì mọ́ gbòǹgbò. Mo ní, "Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún."

"Kí ni ìbọn rẹ bà?"

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó síbí, èyí tí mo ní kí ẹ fi síbẹ̀ ná, ẹ gbé e báyìí. Mo ní, "Igi ahùn ni mo bà. Ọwọ́ mi gbọ̀n, mo ba igi ahùn. Ògúndíjọ ló pa ọ́. Nígbà tí mo wọ ìlú, tí wọ́n ń pariwo orúkọ mi, mo fẹ́ sọ fún wọn pé èmi kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé mi sókè, mo sì ní n ó sọ ọ́ bí wọ́n bá sọ̀ mí kalẹ̀. Wọ́n sọ̀ mí kalẹ̀, n kò sọ ọ́. Nígbà tí wọ́n gbé Ògúndíjọ dé tó sì ní òun ni, gbogbo ojú yí sí mi. Mo ní, 'Ẹ má dá a lóhùn, ìrora ẹsẹ̀ ló ń mú un sọ kántankàntan.' Ohun tí mo sọ nìyẹn. Mo sì rí ojú rẹ̀ nígbà tí mo sọ ọ́."

Èsì àlọ́ Afọ̀kúta nìyẹn: òkìkí ẹni tó pa ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n na ìwo tó ṣẹ́ náà sí mi. Mo fi ọwọ́ kan dì í mú, mo fi èkejì dì í mú, ó sì fà mí gòkè bí ẹní fa garawa láti inú kànga. Nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ sórí òkúta tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ó fẹsẹ̀ kọjá lórí mi wẹ́rẹ́, n kò gbọ́ ìró pátákò rẹ̀, ó sì lọ. Ojú kò tì mí tó báyẹn rí, bẹ́ẹ̀ náà ni ara mi kò fúyẹ́ tó báyẹn rí. Méjèèjì pọ̀ lára mi lẹ́ẹ̀kan náà, n kò mọ èyí tó ń pa mí lẹ́kún.

Mo dìde, mo yí igun kejì. Ibẹ̀ ni mo ti rí àyè kékeré kan tí àpáta sọgbà yí ká, ilẹ̀ rẹ̀ dúdú, ó dára. Ẹ̀gẹ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ata, àti ìkòkò amọ̀ tó tó ogún tí wọ́n da ojú wọn délẹ̀ sínú pàlàpálá òkúta, oyin ń wọlé ń jáde nínú wọn. Ọkùnrin kan jókòó sórí àpótí, ó ń fún àfárá oyin nínú igbá. Irun orí rẹ̀ ti ń funfun. Kò dìde.

Ó ní, "Mo gbọ́ ohùn rẹ nígbà tí ò ń pè mí láàárọ̀. Mo ní kí oyin ta ọ́."

Mo ní, "Ògúndíjọ, ìwọ lo pa ẹfọ̀n."

"Mo mọ̀," ó ní. "Èmi ni mo yìnbọn."

Kí n sòótọ́, mo ti rò pé bí mo bá sọ ọ́, yóò sunkún, tàbí yóò fún mi ní ìgbájú, a ó sì di mọ́ra. Kò ṣe ọ̀kankan. Ó kó iṣu sísun jáde nínú eérú, ó gbá a nù, ó da oyin lé e, ó sì gbé e síwájú mi. Ó jẹ́ kí n jẹ ẹ́ tán.

Ó wá ní, "Oyè yẹn kò dùn mí tó bí o ṣe rò. Ṣé o mọ ohun tó dùn mí? O ní mò ń sọ kántankàntan. Láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré, bí mo bá sọ ohun kan tí ẹlòmíràn kò gbà, ìwọ lo máa ń sọ pé, 'Òótọ́ ló sọ, mo wà níbẹ̀.' O wà níbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn náà, Ọdẹ́jìnmí."

Mo wólẹ̀ níwájú rẹ̀, mo dojú bolẹ̀, oyin ń kùn lókè orí mi. Ó tún ki ọwọ́ bọ igbá àfárá, ó ní,

"Kí ló gbé ọ wá lónìí? Ṣé ẹ̀rí ọkàn ni?"

"Rárá," mo ní. "Ìyá rẹ ló rán mi. Ojú wọn ń ṣú lọ. Wọ́n fẹ́ rí ọ kó tó ṣú tán."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú igbá. Ó dìde, ó fọ ọwọ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe nítorí rẹ ni mo fi ń bọ̀. Máa lọ níwájú. Bí a bá sì délé, ibi tí o ti sọ ọ́ níjọ́sí ni wàá ti tún un sọ, lójú gbogbo wọn, lọ́sàn-án gangan. Bí o bá gé e kù ní ọ̀rọ̀ kan, n ó padà sọ́dọ̀ oyin mi."

Mo ní mo gbà. A gba ọ̀nà ìdajì tó kù. Mò ń rin díẹ̀díẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti wọ inú igbó láti ẹ̀gbẹ́, ó kun gbogbo àpáta ní àwọ̀ epo pupa, odò nísàlẹ̀ sì dákẹ́ minimini. Àwọn ẹ̀gà ń ṣe ariwo ìpadàwálé wọn lórí ọ̀pẹ. A kò sọ̀rọ̀, àfi ìgbà kan tó dúró sinmi, tó fi ọ̀pá nà sí ibì kan lódò, tó ní, "Ibẹ̀ ni erinmi máa ń gòkè sí lákòókò òjò. Ó dára wò." Mo ní, "Ó dára." Ẹlẹ́sẹ̀-Òkúta kò bi wá ní nǹkan kan nígbà tí a dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó kàn yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ẹni méjì lè kọjá.

Ìyá Ògúndíjọ wà níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀gúsí nínú ìmọ́lẹ̀ tó kù. Kò tíì lè rí wa, ṣùgbọ́n ó gbé orí sókè.

Ó ní, "Ta ló ń bọ̀ yẹn, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wúwo ju èkejì lọ?"

Ògúndíjọ ní, "Èmi ni, Ìyá mi."

Awo ẹ̀gúsí dà sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ojú ọmọ rẹ̀ mú, ó fà á sún mọ́ ojú tirẹ̀ títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, ó wò ó, ó wò ó. Ó ní, "O ti hewú." Ó ní, "O ò jẹun dáadáa." Lẹ́yìn náà ló tó sunkún.

Mo fẹ́ rọra yọ́ lọ, ó pè mí. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ìyá, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ nípa ẹfọ̀n."

Ó ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Mo mọ ohùn ọmọ mi nígbà tó bá ń parọ́, kì í ṣe ohùn yẹn."

"Kí ló wá dé tí ẹ kò fi sọ fún ìlú?"

"Wọn ì bá ní ìyá rẹ̀ ni mí. Mò ń retí ìwọ, kí o sọ ọ́. Ọdún kìíní, mo retí. Ọdún kejì, mo retí. Nígbà tí ojú mi wá ń lọ, mo rí i pé bí n kò bá rán ọ, o ò ní lọ."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, mo dúró láàárín ọjà, mo sọ ọ́ fún Olúọdẹ àti gbogbo ìlú: igi ahùn, ẹ̀gbẹ́ òsì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, kántankàntan, gbogbo rẹ̀. N kò gé e kù ní ọ̀rọ̀ kan. Kò sí ẹni tó pariwo. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn, ẹ̀yin ènìyàn mi, ó ju ariwo lọ. Olúọdẹ gba oyè lọ́wọ́ mi níbẹ̀, ó fi í fún Ògúndíjọ, Ògúndíjọ sì gbà á, kò sọ pé ó ti pẹ́ jù. Mo lọ gbé ìwo kúrò lára ògiri mi, mo gbé e fún un.

Fún òjò méjì lẹ́yìn náà, kò sí ọdẹ kan ní Ìdí-Ayan tó gbà kí a jọ wọ igbó. Wọ́n á kí mi, wọ́n á bi mí nípa àwọn ọmọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ní kí a jọ lọ, wọ́n á ní ara àwọn kò yá. N kò bá wọn jà. Ṣé èmi náà á lè fi ẹ̀yìn mi lé ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ nínú igbó? Èmi nìkan ń dẹ, èmi nìkan ń gbé ẹran bọ̀, mo sì máa ń fi itan kan ránṣẹ́ sílé Ìyá Ògúndíjọ. Wọ́n máa ń gbà á. Àbọ̀ kankan kì í sì í ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ wá.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, nígbà tí àgbàdo ń yọ irùkẹ̀rẹ̀, mò ń fọ ìbọn mi lẹ́yìnkùlé, mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Ògúndíjọ dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìbọn léjìká. Kò kí mi. Ó wo ìbọn tí mò ń fọ̀, ó wo ọ̀run.

Ó ní, "Ọ̀yà ti wọ oko ìyá mi, wọ́n pọ̀, èmi nìkan kò lè ká wọn. Dìde jàre, oòrùn ń lọ."

Mo dìde. Ìtàn tí mo fi ẹsẹ̀ rà ni mo fi ẹnu tà fún yín yìí, ó sì tán síbẹ̀.